Àdúrà Tí Wọ́n Fi Yan Ẹ̀kọ́ fún Mi

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń yan ẹ̀kọ́ yunifásítì fún ọmọ nílé wa l'Ágége, ẹ má wulẹ̀ béèrè ohun tó wu ọmọ. Àdúrà ni wọ́n fi ń yàn án. Bàbá á pe àlùfáà, á pe àwọn àgbà ilé, àlùfáà á sì dárúkọ iṣẹ́ tí ọmọ máa ṣe nínú àdúrà. Bí gbogbo ilé bá ti ṣe àmín, ó parí nìyẹn. Ta ló fẹ́ bá Ọlọ́run jiyàn lójú àlejò?

Iṣẹ́ ìròyìn ló wu èmi. Ẹni tó kó o sí mi lórí ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa. Akọ̀ròyìn ni, ọmọ Èkìtì, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná. Ìkẹjà ni ọ́fíìsì ìwé ìròyìn wọn wà. Láàárọ̀ Sátidé, á ní kí n ka ohun tóun kọ, kí n sọ ibi tó ti sú mi. Mo máa ń sọ ọ́, á sì fa igi lé ibẹ̀.

Á ní, "Ìwọ yìí, o lójú akọ̀ròyìn. Má lọ ka nǹkan mìíràn o."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì láìmu omi sí i.

Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, wá dé. Mílíìkì kúrò lórí tábìlì wa láìdágbére. Ilé iṣẹ́ aṣọ tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ n'Íkẹjà lé òṣìṣẹ́ lọ rẹpẹtẹ. Wọn ò lé bàbá mi, wọn ò sì fọwọ́ kan akáùntáǹtì, ẹni tó jókòó síbi tó tutù tó ń ṣírò ohun tí wọ́n máa fi lé àwọn yòókù. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti rí ìran. Nígbà tó ku díẹ̀ kí n ṣe ìdánwò àṣewọlé, àwọn ṣọ́jà lọ ti ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn aládùúgbò wa pa. Ọkùnrin náà ń jókòó sílé, ó ń ka ògiri.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan, wọ́n pé jọ sí yàrá wa: bàbá mi, àlùfáà, bàbá onílé, àti akọ̀ròyìn. Bàbá mi fúnra wọn ló pè é. Inú mi dùn. Mo rò pé ẹlẹ́rìí mi dé.

Àlùfáà ní, "Ọmọ yìí á ka ìṣirò owó, á di akáùntáǹtì ńlá."

"Àmín."

Mo pa ẹnu mọ́. Bàbá mi ní, "Mi ò gbóhùn ẹnì kan."

Bàbá onílé ní, "Bóyá àdúrà yẹn ò dùn ni. Àlùfáà, ẹ fi iyọ̀ sí i."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, iṣẹ́ ìròyìn ni mo fẹ́ kà. Ẹ bi Bùrọ̀dá, wọ́n mọ̀."

Gbogbo wọn kọjú sí i. Ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bàbá mi bi í jẹ́jẹ́: "Ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yín. Ṣé kí n fi ọmọ mi sí i?"

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Àlùfáà, ẹ tún àdúrà yẹn ṣe."

Àlùfáà tún un ṣe. Bùrọ̀dá tó jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ló wá ṣe àmín tó ga ju ti gbogbo mùsùlùmí yàrá náà lọ. Èmi náà ṣe tèmi, eyín mi nìkan ló gbọ́ ọ.

Nírọ̀lẹ́, mo bá a nídìí ẹ̀rọ omi. "Bùrọ̀dá, kí lẹ ṣe fún mi yẹn?"

"Àbúrò, ebi ń pa mí."

"Ebi yín ni mo máa fi ka ìṣirò?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó wọlé.

Mo ka ìṣirò owó. Ilé iṣẹ́ bàbá mi ti kógbá wọlé kí n tó parí, akáùntáǹtì wọn náà sì bá a lọ. Ìjọba ṣí ìwé ìròyìn padà. Lọ́jọ́ tí aládùúgbò wa ń padà sẹ́nu iṣẹ́, mo wà nílé fún ìsinmi. Ó ti lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ń súfèé.

Ó ní, "Akáùntáǹtì wa, ẹ ò ní fún wa lówó ọkọ̀?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí ọmọ tí wọ́n kọ́ ni mí. Mi ò ka ìwé ìròyìn wọn mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo ti dárí ji bàbá mi, wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mi. Ọkùnrin yẹn mọ̀.