Èènì Tí Uncle Seshadri Kò Kà

Bí ẹ bá pàdé Uncle Seshadri nínú lift ilé wa ní Etobicoke, ẹ ó rò pé inú ń bí wọn. Rárá o, ojú wọn ni kò ríran dáadáa mọ́. Ogójì ọdún ni wọ́n fi kọ ìròyìn ọrọ̀ ajé ní Íńdíà, wọ́n sì ti kọ ìwé mẹ́fà kí ọmọ wọn tó mú wọn wá sí Toronto. Ìwé keje ni èmi Gbémisọ́lá ń bá wọn tẹ̀ ní Sátidé tí n kò bá ní shift. Wọn a máa sọ, èmi a máa tẹ̀. Ṣùgbọ́n atọpinpin ni mí, n kì í lè tẹ ohun tí kò bá yé mi.

Orí kan ṣoṣo ló kù, òun ló sì ń jẹ wọ́n lọ́kàn. Lọ́dún 1987, ọ̀dá dá ní agbègbè tí wọ́n ń gbé. Wọ́n béèrè iye tí ìrẹsì jẹ́ ní ọjà mọ́kànlá, kò fi kọ́bọ̀ kan lé. Ni wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ebi kò tíì dé. Ìjọba kà á, ìjọba sì dá oúnjẹ ìrànwọ́ dúró fún oṣù méjì. Àwọn èèyàn kú. Títí dòní, Uncle ò mọ ibi tí àwọn ti ṣì í, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ ọ́n kí ojú wọn tó lọ pátápátá.

Mo ní, “Uncle, ẹ má bínú o. Èènì ńkọ́?”

“Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?”

Mo ṣàlàyé fún wọn. Nílé wa, tí wọ́n bá wọn ìrẹsì fún èèyàn tán, wọ́n á tún bu díẹ̀ sí i, èyí ni èènì. Tí nǹkan bá fẹ́ wọ́n, ọlọ́jà kì í tètè fọwọ́ kan iye, èènì ló máa kọ́kọ́ wábi gbà. Ìyá mi ò ka ìwé ìròyìn rí, àmọ́ tí wọn ò bá ti rí èènì, wọ́n á ní ìlú ti le.

Ẹ̀rù bà mí. Èmi tí iṣẹ́ mi ò ju ká tọ́jú aláìsàn lọ, mo ń kọ́ àgbà akọ̀ròyìn níṣẹ́.

Uncle ní, “Kosuru. Kosuru là ń pè é lédè wa.”

Àánú wọn ṣe mí. Mo ní ṣé ká sinmi díẹ̀. Wọ́n ní rárá, kí n máa tẹ̀ ẹ́ lọ:

“Lọ́dún yẹn, Kamala ìyàwó mi ti ọjà dé, ó ní wọn ò fún òun ní kosuru mọ́. Mo ní kó jẹ́ kí n ráyè ṣiṣẹ́ mi.”