Èèrà Inú Omi Ọmú

Orí ẹní ni mo jókòó sí, tí mo ń fi orí ọmú ra ètè ọmọ mi kó lè yanu, nígbà tí àbúrò ọkọ mi obìnrin yọjú láti ẹ̀yìnkùlé.

"Ìyàwó, Ìyá ní kí o dúró o. Èèrà ti kú."

Ọjọ́ kejì tí mo bímọ nìyẹn, nílé wa ní àdúgbò Basin, lọ́dún tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún. Ìyá ọkọ mi ti wá láti abúlé pẹ̀lú adìyẹ méjì. Ẹ̀rù ọwọ́ ọ̀tún yẹn bà wọ́n débi pé ibùdókọ̀ Challenge ni wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ rin ìyókù. Láàárọ̀, wọ́n fún díẹ̀ nínú omi ọmú mi sínú ìdérí agolo. Ó ki, ó pọ́n bí inú ẹyin. Wọ́n ní a kì í fún ọmọ nírú rẹ̀ láìdán an wò. Wọ́n mú èèrà kan, wọ́n sọ ọ́ sínú rẹ̀. Bó bá rìn jáde, ọmú dára. Bó bá kú, ọmú korò, yóò pa ọmọ.

"Ṣé ó kú pátápátá?"

"Mo fi ẹyọ ìgbálẹ̀ tì í. Kò mira."

Mo ní nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí mi sọ pé omi pupa yẹn gan-an ni kí ọmọ kọ́kọ́ mu.

"Ìwé lo kà, Ìyàwó. Èèrà ò kàwé."

Kí n má parọ́, ẹ̀rù bà mí. Èmi tí mo kọ́ báyọ́lọ́jì títí mo fi jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì, mo fa aṣọ bo àyà. Ìyá wọlé, wọ́n gbọmọ, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ rọ ọ́ ní omi glúkóòsì. Ó húkọ́. Wọ́n fi etí ìró nu ẹnu rẹ̀.

"Fún gbogbo ẹ̀ dànù. Tó bá di ọjọ́ kẹrin, á funfun."

Inú póò ni mo ń fún un sí. Nígbà tó fi di ìrun Aláásárì, ohùn ọmọ náà ti ń rẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹkún. Ìgbà yẹn ni mo rántí tíṣà báyọ́lọ́jì wa. Bí o bá fi ife kan ṣoṣo dán nǹkan wò, á ní, "Èwo lo gbé tì í?" Mo bu omi àmù sínú ìdérí mìíràn, mo mú èèrà kan lára agolo ṣúgà, mo kúnlẹ̀ níwájú Ìyá.

"Ìyá, ẹ má bínú. Ẹ bá mi wo eléyìí."

"Kí nìyẹn?"

"Omi tí gbogbo wa ń mu ni."

Mo sọ èèrà náà sínú rẹ̀. Ó jà títí, ó yí po, ó dákẹ́.

"Omi náà korò nìyẹn," ni àbúrò ọkọ mi wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Gbogbo wa ti kú tipẹ́."

Ìyá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ìka kan èèrà náà.

"Èèrà ò mọ̀wẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọmọ méjì ni mo bí ṣáájú ọkọ rẹ. Èèrà kú nínú omi ọmú mi lójú mi, ṣùgbọ́n mo ti fún àwọn ọmọ náà mu kí àwọn àgbà ilé tó dán an wò. Wọ́n ní ọmú mi ló pa wọ́n. Láti ìgbà náà, mo mọ̀ pé èmi ni mo pa wọ́n."

Ìwé tí mo kà kò débẹ̀. Mo di ọwọ́ wọn mú.

"Ìyá, ẹ̀yin kọ́."

Wọ́n gbé ọmọ wá, wọ́n fọwọ́ ara wọn tú aṣọ àyà mi, wọ́n ní "Bísímílá," wọ́n ki ọmú bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó fà á, ó dúró, ó tún fà á. Ọ̀fun rẹ̀ ni Ìyá ń wò bó ṣe ń gbé e mì, títí wọ́n fi pe ìrun Màgáríbì.

Nígbà tí Ìyá jáde lọ ṣe àlùwàlá, mo sọ fún ọmọ mi pé, "Má bínú. Odidi ọjọ́ kan ni mo fi gba èèrà gbọ́ ju ara mi lọ. Mu ún díẹ̀díẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní gbà á lẹ́nu rẹ mọ́. Tí Ìyá bá sì ń fẹ́ gbé ọ ju bó ṣe yẹ lọ, má sunkún. Fún wọn láyè."