Ẹ̀rọ Tí Odò N'zi Gbé Lọ

"Omi ti gbé ẹ̀rọ yín lọ." Maman Ahou ló pè mí lórí fóònù. Òun ni olórí àwọn obìnrin Baoulé tó ń gbin tòmáàtì létí odò N'zi, níhà ìlà-oòrùn Bouaké ní Côte d'Ivoire. Èmi ni mo so àgbá òfìfo pọ̀ fún wọn, tí mo de ẹ̀rọ tó ń fa omi mọ́ orí àgbá náà kó lè máa léfòó.

Mo bi í bóyá okùn ló já.

"Okùn ò já. Igi tí ẹ so ó mọ́ bá a lọ."

Bàbá Làmídì, ọ̀gá mi, Yorùbá bíi tèmi (Anago ni wọ́n ń pè wá níbí), ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ni ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Zone industrielle, àdúgbò àwọn ilé-iṣẹ́, gbọ́ ọ, ó ní, "Odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Lọ bá a níwájú."

Apá àríwá, lọ́nà Ferkessédougou, ni N'zi ti ń bọ̀. Ó ń ṣàn lọ sí gúúsù, ó gba Dimbokro kọjá, ó wá wọnú Bandama, ìyẹn sì ń gbé e lọ sínú òkun. Bí ẹ̀rọ bá fi lè dé òkun, iṣẹ́ mi náà ti dé ibẹ̀ nìyẹn. Mo gbé Maman Ahou sẹ́yìn alùpùpù, à ń béèrè láti abúlé dé abúlé. Òjò ti fẹ́ dáwọ́ dúró. Bí ẹ̀rùn bá wọlé tí wọn ò rí omi fà, tòmáàtì ọdún yẹn ti lọ.

Ní abúlé kan, a bá àwọn obìnrin tó ń fọṣọ lórí àgbá wa. Wọ́n sá yẹ̀rì sórí ẹ̀rọ.

Baálẹ̀ ní, "Ohun tí odò bá gbé wá, tiwa ni. Lọ́dún tó kọjá, ó gbé màlúù wá. A jẹ ẹ́."

"Bàbá," mo ní, "bóyá màlúù yẹn ò ní olówó."

"Ó ní. Ìgbà tó fi máa dé, a ti jẹun tán."

Maman Ahou jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní opó ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbin tòmáàtì yẹn, òun náà sì wà lára wọn. Kò pariwo. Baálẹ̀ wò ó títí.

"Ẹ gbé irin yín," ó ní. "Àgbá la fẹ́. Oko wa wà lódìkejì odò."

Mo tú ẹ̀rọ, mo sì kan pákó mọ́ àgbá náà kó lè máa gbé wọn sọdá. Nígbà tí a padà délé, mo fọ iyanrìn inú ẹ̀rọ, mo fi epo sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, òpó irin ni mo rì mọ́ sìmẹ́ńtì lórí òkè etídò, mo so àgbá mìíràn pọ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ, mo sì fi okùn onírin so ó mọ́ òpó náà. Bàbá Làmídì wá wò ó, ó ta òpó náà nípàá, ó sì ń tiro padà sídìí ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà, èmi ló ń fi iṣẹ́ odò sílẹ̀ fún.

Nígbà tí omi tú jáde lẹ́nu páìpù, Maman Ahou bu díẹ̀ bọ́jú. Mo dúró bóyá á sọ nǹkan kan.

"Máa lọ, Anago," ó ní. "A níṣẹ́ láti ṣe."