Ọsàn Mẹ́tìrì àti Igbá Ìyá Àgbà

Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo fi ọwọ́ ọ̀tún mi yìí dá ayé dúró. Odidi ìṣẹ́jú kan ni kò fi yí. Àwọn tó sá pákí ní Banigbé pariwo pé oòrùn dúró sójú kan, pákí àwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ mú sùúrù, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, Dàhòmì la ṣì ń jẹ́. Kí n tó lọ sí ilé-ìwé ní Ìfọ̀nyìn láràárọ̀, dandan ni kí n bọ́ sínú kòtò epo ìyá àgbà mi, ìyá tó bí bàbá mi, kí n fi ẹsẹ̀ tẹ eyìn títí epo yóò fi yọ. Bí mo bá fi máa dé kíláàsì, ẹsẹ̀ mi á ti pọ́n dé orúnkún, eṣinṣin á sì tò tẹ̀lé mi bí ẹni ń sin ọba. Ẹ̀kọ kan àti àkàrà gbígbóná méjì ni èrè mi. Ibi tí mo ti ń tẹ eyìn ni ìyá àgbà ti máa ń sọ fún mi bí ayé ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní omi ló wà níbi gbogbo. Olódùmarè wá fi iyẹ̀pẹ̀ àti adìyẹ oníka-ẹsẹ̀ márùn-ún ránṣẹ́, adìyẹ sì ń tan iyẹ̀pẹ̀ náà títí ilẹ̀ fi fẹ̀. Wọ́n ní ayé àti ọ̀run dà bí igbá méjì tí a dé mọ́ra.

Mẹ́tìrì, bí a ṣe ń pe olùkọ́ wa, Àjàṣẹ́ ló ti wá. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ṣòkòtò péńpé rẹ̀ a sì máa le gbagidi. Lọ́jọ́ kan, ó gbé ọsàn kan wá, ó ní ayé nìyẹn, roboto, pé ó ń yí oòrùn po. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo sáré lọ sọ fún ìyá àgbà. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, wọ́n ní:

"Ṣé èmi sọ fún ọ pé kò rí roboto ni? Igbá wa ló jí, ó wá ń pè é ní ọsàn. Bi í léèrè, ta ló dì í mú?"

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe. Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe ń yí ọsàn náà, mo dìde.

"Mẹ́tìrì, ta ló di ayé mú?"

"Kò sẹ́ni tó dì í mú."

"Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ dì í mú yẹn."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Háà, Mẹ́tìrì ni Olódùmarè!"

"Sìláńsì! Ta ló kọ́ ọ ní ìsọkúsọ yìí?"

"Ìyá àgbà mi ni. Wọ́n ní adìyẹ ló tan ilẹ̀." Mo bá na ọwọ́, mo gba ọsàn náà mọ́ ọn lọ́wọ́. "Ẹ wò ó, èmi náà dì í mú. Kò yí mọ́."

Ìgbà tí mo dá ayé dúró nìyẹn, kó tó fi etí mi gbé mi nílẹ̀.

Ó ní kí n dojú kọ kíláàsì, kí n sọ pé, "Irọ́ ni ìyá àgbà mi pa." Bí n kò bá sọ ọ́, n kò ní ṣe ìdánwò sẹ̀tífíkà, ìwé mi sì parí nìyẹn. Mo kọ̀. Ó ní kí n kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́, kí n gbé òkúta ńlá sókè. Ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni.

"Sọ ọ́ jàre," ni àwọn ọ̀rẹ́ mi ń wí. "Ìyá àgbà ò kúkú sí níbí, wọn ò ní gbọ́."

Mo ní, "Etí tèmi á gbọ́."

Lọ́jọ́ kẹta ni ìyá àgbà dé, igbá lórí, adìyẹ lábíyá. Wọ́n gbé igbá ka orí tábìlì, wọ́n sọ ọsàn Mẹ́tìrì sínú rẹ̀, wọ́n dé e. "Mẹ́tìrì, ayé tìrẹ ti wọnú tèmi o. Ó yá, yí i!" Mẹ́tìrì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì mú mi padà sórí bẹ́ǹṣì.

Lónìí, àwọn ọmọ-ọmọ mi ń fi àwòrán ayé hàn mí nínú fóònù. Roboto ni lóòótọ́, kò sì sẹ́ni tó dì í mú. Mo gbà. Ó ń yí pẹ̀lú. Bí mo bá ti mu ọtí sódabì tán, ojú ara mi ni mo fi ń rí i. Ọmọ tó bá béèrè ọ̀rọ̀ nílé-ìwé lóde òní, àtẹ́wọ́ ni wọ́n ń pa fún un. Tiwa, òkúta ni wọ́n gbé lé wa lọ́wọ́. Kí wọ́n tún gbé e wá lónìí, pẹ̀lú eegun arúgbó mi yìí, n kò ní sọ pé ìyá àgbà mi pa irọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ìyá àgbà kò wá sí ilé-ìwé. Èmi ni mo hun ibẹ̀ yẹn, pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀ Mẹ́tìrì. Lọ́jọ́ kẹta, mo gbé òkúta sílẹ̀, mo jáde, n kò sì padà mọ́. Mo sọ fún ìyá àgbà pé orí mi ni kò gba ìwé. Wọ́n gbà mí gbọ́. Wọ́n ní kí n má sunkún, pé kì í ṣe gbogbo orí ni ìwé ń wọ̀.