Ẹran Ẹ̀yìn àti Okùn Agogo

Èmi ni mo ń fa agogo ṣọ́ọ̀ṣì wa n'Íjẹ̀bú-Igbó. Mò ń fi yangàn; kò sí ẹni tó ń fà á tó mi.

Kókó kan wá yọ síhà òsì mi. Nígbà tí wọ́n gé e kúrò, egungun ìhà mẹ́ta bá a lọ, ihò ńlá sì kù sí mi láyà. Wọ́n fi àwọ̀n tó le dí i, wọ́n yí ẹran ẹ̀yìn mi wá síwájú, wọ́n fi bo àwọ̀n náà. Dókítà tó ṣe é, obìnrin tó tó ọmọ bíbí inú mi, kò tàn mí jẹ.

"Bàbá, ẹran yẹn la fi ń fa nǹkan wálẹ̀. Ọwọ́ òsì yín ò ní lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́."

Ó yẹ kí n máa dúpẹ́ ẹ̀mí. Agogo ni mò ń rò.

Oṣù mẹ́ta ni ìyàwó mi fi ṣọ́ mi bí ẹyin. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan, ó ń dáná lọ́wọ́, mo bá yọ́ jáde.

Lọ́dọ̀ wa, agogo ìsìn a máa yára. Bí ọmọ ìjọ bá kú, ẹyọ kọ̀ọ̀kan là ń fà, a ó sinmi díẹ̀ ká tó fa òmíràn. Mo fa okùn, ó dún. Apá mi kọ̀; mo dúró, mo mí, mo tún fà á. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹfà, inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Mi ò rò ó pé àdúgbò ń gbọ́ agogo òkú. Ta ló sì ṣàìsàn jù nínú ìjọ? Èmi ni.

Àwọn ìyá ìjọ ló kọ́kọ́ sunkún dé. Ọ̀kan yọjú, ó rí mi tí mo rọ̀ mọ́ okùn.

"Éè kú o," ló wí, pé mi ò kú, ó sì jókòó sílẹ̀. Ni ẹ̀rín bá sọ.

Ìyàwó mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ti gbọ́ agogo, ó wo bẹ́ẹ̀dì, kò bá mi, ó sì sáré wá láìwọ bàtà. Mo ń retí èébú. Ó gbé ọwọ́ lé mi láyà, níbi tí kò ti sí egungun mọ́, ó fi í síbẹ̀ títí ó fi gbọ́ bí ọkàn mi ṣe ń lù. Lẹ́yìn náà ó di okùn mú lábẹ́ ọwọ́ mi.

"Ẹ jẹ́ ká fà á kó yára," ó wí. "Àwọn tó jìnnà ṣì ń sunkún yín."