Omi Lórí Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ọ̀gá tó kọ́ mi bí a ṣe ń kun ọkọ̀ ní sẹ̀rámíìkì, oje tí kì í jẹ́ kí omi lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀, l'Óníru máa ń kán omi sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ wò ó. Tó bá ká jọ bí ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n á ní, "Ó ti mú." Tó bá tẹ́, "Ta ló ń kánjú?"

Lọ́jọ́ kan, mi ò nu epo kúrò lára ọkọ̀ kan kí n tó kùn ún. Omi tẹ́ pẹrẹsẹ níṣojú màdámù tó ni ṣọ́ọ̀bù. Mo purọ́, mo ní, "Ọ̀gá ló ní kí n máa kùn ún lọ."

Ọ̀gá wò mí. "Kò burú." Màdámù lé wọn lọ.

Ipò wọn ni mo wà báyìí. Ìyàwó mi lóyún, mi ò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, tí ọ̀gá bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n máa ń pè mí: "Ṣé kò sẹ́ni tó ń yọ ẹ́ lẹ́nu níbẹ̀?"

Mo máa ń ní, "Kò sí, sà."