Délé Ò Lè Jókòó

Àdúrà mi gbà lónìí, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Èmi tí mi ò kàwé kọjá ìwé méjì, tí mo kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí Ọ̀fà Garage, àdúrà mi kì í bọ́ sílẹ̀.

Délé ọmọ mi bínú kúrò nílé. Mo gbààwẹ̀, mo ní kí Jésù má jẹ́ kó ríbi jókòó títí á fi wálé.

Ó dé láàárọ̀ yìí. Mo ní, "Jókòó, ọmọ mi."

Ó ní, "Bàbá, mi ò fẹ́ wá. Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi wá. Kí lẹ bá Ọlọ́run sọ nípa mi?"

Ó ṣì wà lórí ìdúró.

Ẹ̀yin ará, ṣé ọmọ mi ló wálé, àbí àdúrà mi ló wọ́ ọ wá?